Irùngbọ̀n tó hù lẹ́rẹ̀kẹ́ Doña Herlinda

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí ènìyàn, kí ó dúró de ọjọ́ tí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láìtọrọ àyè. Èmi Baldomero, láti ìgbà tí a ti ń fi pẹ́ńsùlù kun ojú lórí fíìmù ni mo ti ń tún ojú àwọn ará ìlú Xalapa ní Mẹ́síkò ṣe, mi ò sì rí irú rẹ̀ rí. Mo kàn ní kí n jẹ búrẹ́dì pambazo kan lọ́sàn-án ni. Kí n tó nu ẹnu tán, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe ti kú, ó ti jí, ó ti di tuntun, ó sì tún ṣí gbogbo fọ́tò tí mo fi sílẹ̀ padà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Doña Herlinda Tejeda wọlé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan lẹ́yìn ọjà, tó ń ka ìwé òfin lálẹ́, tó ń kùnà, tó ń padà lọ. Gbogbo ènìyàn ní ọ́fíìsì yẹn ni wọ́n ń pè ní Licenciado tàbí Licenciada, oyè ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí òfin, àfi òun tó ń tẹ ìwé wọn. Ó ti wá yege báyìí. Ohun kan ṣoṣo ló kù, fọ́tò mẹ́fà fún ìwé-ẹ̀rí. Ẹ sì mọ bí fásitì ṣe ń ṣe lórí fọ́tò ìwé-ẹ̀rí: dúdú àti funfun, kí a gé e bí ẹyin, bébà tí kì í dán, ojú tí a ti tún ṣe dáadáa. Wọ́n ti dá tirẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan pé iwájú orí rẹ̀ ń dán. Aago méjì ọ̀sán òní ni wọn yóò ti fèrèsé tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹni tó bá pẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Don Baldo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n pẹ́ o. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. N ò lè lọ bá wọn pé ó di àmọ́dún."

"Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni, Doña Herlinda. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ya fọ́tò, mo gbé e sójú kọ̀ǹpútà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì inú ètò náà kan irorẹ́ kékeré kan lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Irorẹ́ náà pòórá lóòótọ́. Irùngbọ̀n sì hù síbẹ̀.

Mo pa á rẹ́. Mo tún kàn án. Irùngbọ̀n tún hù, ó tiẹ̀ ki ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kí nìyẹn?" Doña Herlinda na ọrùn.

"Kò sí nǹkan kan."

"Irun ni mo rí o!"

"Doña, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Búrọ́ọ̀ṣì yìí kì í dá awọ ṣe, yíyá ló máa ń yá a. A óò kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ Alt sí mọ́lẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, a óò fi kálámù kọ̀ǹpútà kan ibi tó mọ́ lójú oníbàárà, kí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí ó ti yá awọ. Lẹ́yìn náà ni a óò wá fi kun ibi tó lábàwọ́n. Fọ́tò Don Wulfrano alápatà ni mo ṣe kẹ́yìn kí n tó lọ jẹun, irùngbọ̀n ọkùnrin yẹn sì ki bí igbó. Gbogbo bí mo ṣe ń tẹ bọ́tìnì, tí mo ń júwe ẹ̀rẹ̀kẹ́ Doña Herlinda fún ètò yìí, ọ̀dọ̀ alápatà ló ṣì ń lọ yá awọ.

Mo wá pa fọ́tò alápatà dé. Ó di ìjà. Ètò náà kọ ọ̀rọ̀ pupa síwájú mi pé n kò tíì yan ibi tí òun yóò ti yá awọ. Mo yàn án. Ó ní n kò yàn án. Mo yàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá! Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Mo gbìyànjú búrọ́ọ̀ṣì kejì, èyí tó máa ń dá yan ibi tó wù ú. Ó lọ gbé ihò imú kan wá sí iwájú orí rẹ̀. Mo pe àwọn tó ṣe ètò náà lórí fóònù, wọ́n fi orin dá mi lóhùn fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

"Baldo," Chabela ìyàwó mi ké láti ìdí káńtà, "ṣé èébú lo fi ń tún un ṣe ni?"

"Jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́ mi!"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ti lù."

Doña Herlinda wá jókòó. Ó di báàgì rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi, kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Inú bí mi sí i, torí èmi ni mo sọ pé iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni.

"Don Baldo, kí ló dé tí ẹ ń tẹ bọ́tìnì tí a fi ń kọ àmì àárín àdírẹ́sì ímeèlì?"

"Doña, ẹ̀yin mọ ìwé títẹ̀, èmi mọ fọ́tò."

"Ìwé títẹ̀ tí mo mọ̀ náà ni mo ń sọ yìí. Ẹ wò ó. Méjì ni wọ́n. Ti apá òsì, Alt lásán ni. Èyí tí ẹ ń há mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ yìí, Alt Gr ni wọ́n kọ sí i. Wọn kì í ṣe ìbejì o."

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Kálámù ń bẹ lọ́wọ́ òsì mi, ọwọ́ ọ̀tún mi a sì máa tẹ bọ́tìnì tó bá sún mọ́ ọn. Ọdún mẹ́rìnlá ni ètò àtijọ́ fi gbà á bẹ́ẹ̀. Ti tuntun ò gbà. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi fi tèmi júwe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì bá ara mi nílé alápatà.

Mo na ọwọ́ ọ̀tún kọjá sí apá òsì bí ẹni tó fẹ́ gbá ara rẹ̀ mọ́ra. Mo tẹ Alt lásán. Awọ tó mọ́ jáde wẹ́rẹ́.

"Kú iṣẹ́ o, ọ̀gá fọ́tò," Chabela wí. Ojú tì mí, àmọ́ inú tó ń bí mi ò jẹ́ kí n ráyè ìtìjú.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kí ó lu méjì nígbà tí Doña Herlinda kó wọn sí àyà, tó sáré bọ́ sínú òjò wínníwínní. Mo jókòó, mo sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, kí Chabela tó gbé ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Baldo, kí ni dúdú yìí lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀?"

Irun mẹ́ta. Ti Don Wulfrano. Mo ti gbàgbé láti pa wọ́n rẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí ó lu méjì. Mo pe Doña Herlinda lórí fóònù.

"Doña, irùngbọ̀n alápatà ṣì kù lábẹ́ àgbọ̀n yín!"

"Ẹnì kan ṣoṣo ló kù níwájú mi, Don Baldo."

"Ẹ padà wá, n ó tún un…"

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Kò tó orí abẹ́rẹ́. Àmọ́ mo rí i."

Mo gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwé-ẹ̀rí tí mo ti ń lé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ṣé kò yẹ kó ti hu irùngbọ̀n ni?"

Kò pa fóònù náà. Mo gbọ́ tí akọ̀wé fèrèsé ní kí ó kó fọ́tò wá, mo gbọ́ tó ń fi ìka ra bébà. "Kò dán," ló wí. Ó tẹ òǹtẹ̀, gbì, lẹ́ẹ̀mẹfà, èmi àti Chabela sì ń kà á.

"Ó tán. Ẹlòmíì! Ẹ ṣeun, Licenciada Tejeda."

"Ẹ jọ̀ọ́," Doña Herlinda wí, "ẹ tún un pè."

"Kí ni?"

"Orúkọ yẹn, ẹ tún un pè."

"Licenciada Herlinda Tejeda!" akọ̀wé náà kígbe, inú ti ń bí òun náà. "Ó ti tó àbí?"