Ìkíni Tí Mo Kọ́ Àtọ̀húnrìnwá

Bàbá Alọṣọ ló sọ obìnrin náà ní Àtọ̀húnrìnwá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ wa, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn, á tún rẹ́rìn-ín sí i.

Alágbàfọ̀ ni wá. Ìyá bàbá mi, Màmá Àgbà, ló ni ilé, òun ló ni okùn mẹ́rìnlá tí a ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé. Bàbá Alọṣọ ti wà nídìí ayọ́ọ̀nù kí n tó hu eyín. Ìyá Onísítáàsì ló ń po sítáàsì, òun nìkan ló mọ èyí tó yẹ ọrùn ẹ̀wù àti èyí tó yẹ aṣọ tábìlì. Èmi ni mo ń kọ orúkọ oníbàárà mọ́ etí aṣọ, torí pé bàbá mi fi ìwé kọ́ mi nínú ilé kó tó kú, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára; Bàbá Alọṣọ ló ń kà á bó bá ti lọ aṣọ tán. Ọ̀rọ̀ sísọ ni mi ò ní. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́ ni.

Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọ́n fún Àtọ̀húnrìnwá, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn nínú wa. Ó ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìyẹn ò ní kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀.

“Wọ́n ti kún ibi gbogbo,” Bàbá Alọṣọ á máa wí, á sì tẹ ayọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ bíi pé orí wọn ló wà lábẹ́ ẹ̀. “Mo wọ ọkọ̀ láàárọ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún, ẹnì kan ò gbọ́ mi. Èmi onílé ni mo wá di odi nínú ọkọ̀ ìlú mi.”

“Kó máa fọ aṣọ ẹ̀ lọ jàre,” Ìyá Onísítáàsì á dáhùn. “Kó ṣáà má fọwọ́ kan ìkòkò mi. Mi ò mọ ibi tọ́wọ́ yẹn ti ń bọ̀.”

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Onísítáàsì bí ti wà lẹ́yìn odi láti ọdún mẹ́fà. Òjò ti rọ̀ ó ti dá lẹ́ẹ̀mejì látìgbà tó ti pè gbẹ̀yìn. Òun náà á ti di àtọ̀húnrìnwá níbòmíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ létí ìyá rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ìwé ìgbélùú Àtọ̀húnrìnwá á tán lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé náà ní kó mú lẹ́tà wá láti ibi iṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ka sí i. Láìsí lẹ́tà, wọ́n á dá a padà sí ibi tí ìbọn ti lé e. Màmá Àgbà ti ní kí n kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́. Ìka Màmá ló kù.

Ìkíni wa ni obìnrin náà fẹ́ràn jù. Bí a bá jọ ń sá aṣọ, á máa bi mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ̀yin, gbogbo nǹkan lẹ ń kí,” ó wí fún mi lọ́jọ́ kan. “Ẹni jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni dúró, ẹ kú ìdúró. Oòrùn mú, ẹ kú oòrùn. Bí mo bá ṣubú ńkọ́, ẹ kú ìṣubú?”

“A ó ní pẹ̀lẹ́,” ni mo wí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò ń ṣú bọ̀, okùn mẹ́ta ṣì kún fún aṣọ, mò ń sáré ká wọn. Ó dúró tì mí.

“Ìyá tí ọmọ ẹ̀ lọ, tí kò rí ọmọ mọ́, kí ni ẹ ń kí i?”

Oníbàárà wa kan wà tí ọmọ rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá. Mo rò pé òun ló ń sọ. Mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ẹ kú àfẹ́kù ọmọ.”

Ó pè é tẹ̀lé mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí ohùn fi gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, tó sì balẹ̀ níbi tó yẹ kó balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọpọ́n rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó lọ bá Ìyá Onísítáàsì nídìí ìkòkò. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

“Ẹ kú àfẹ́kù ọmọ, mà.”

Ó pè é dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì í pè ni, bóyá wọn ì bá rẹ́rìn-ín.

Orógùn bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Onísítáàsì. “Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi kú?”

Àtọ̀húnrìnwá rò pé ó ń bi í léèrè tirẹ̀ ni. Ó fọwọ́ lé àyà. “Èmi náà, mà. Ọmọ mi wà lọ́hùn-ún. Èmi náà, àfẹ́kù.”

“Ẹ gbọ́ o. Ó fẹ́ kí temi rí bíi tiẹ̀.” Ìyá Onísítáàsì gbé abọ́ sítáàsì tútù tó wà nílẹ̀, ó dà á lé obìnrin náà lórí látòkè délẹ̀. “Ìwọ lo máa ṣòfò. Ìran ẹ ni yóò ṣòfò.”

“Mo ti ń wí látọjọ́ yìí,” ni Bàbá Alọṣọ sọ. “Wọ́n gba àyè nínú ọkọ̀, wọ́n gba iṣẹ́. Ó wá ku ọmọ wa, wọ́n ń sìnkú ẹ̀ lójú ayé ẹ̀.”

Ìyá Onísítáàsì kọjú sí Màmá Àgbà tó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. “Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ka sí lẹ́tà yẹn. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ wá ẹlòmíì tí yóò máa po sítáàsì yín.”

Mo wà níbẹ̀. Gègé wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀wù oníbàárà wà ní itan mi. Mo rí sítáàsì tó ń ṣàn gba etí obìnrin náà lọ sínú ẹ̀wù rẹ̀. Mo mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo tẹ orí ba, mo ń kọ orúkọ lọ.

Wọ́n ti ọpọ́n rẹ̀ lọ sẹ́bàá gọ́tà. Lọ́jọ́rú, ẹnì kan gé okùn rẹ̀, gbogbo aṣọ ilé ìwòsàn já sínú ẹrẹ̀, ó sì tún wọn fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kí wọn kú iṣẹ́, odi ló ń kí. Nígbà tó yá ó wá bá mi.

“Kí ni mo sọ?”

“Kò sí nǹkan,” ni mo dáhùn.

Lọ́jọ́bọ̀, Màmá Àgbà pe gbogbo wa jọ sí yàrá tí a ti ń lọ aṣọ. Àtọ̀húnrìnwá nìkan ni wọn ò pè. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi.

“Iṣẹ́ yìí ò lè dúró láìsí sítáàsì,” ni Màmá wí, kò sì wo ojú ẹnì kankan. “Ya lẹ́tà yẹn.”

Mo di í mú ní etí méjèèjì. Ọwọ́ mi kọ̀.

“Ṣé o ò gbọ́ Màmá ni?” Bàbá Alọṣọ béèrè.

“Èmi ni mo kọ́ ọ,” ni mo wí.

“Kí lo wí? Gbé ohùn sókè.”

“Ìkíni yẹn. Ó bi mí léèrè, mo kánjú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé mi. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ rìnrìn àjò ló ń béèrè. Ẹ kú ojú lọ́nà ló yẹ kí n kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ ní tòkú.”

Ìyá Onísítáàsì kọjú sí mi. “Ìwọ. Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn. Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni, mà.”

“Láti Ìṣẹ́gun ni mi ò ti fojú ba oorun. Mo ní bóyá wọ́n ti gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Mo ní bóyá ó mọ nǹkan tí mi ò mọ̀. O sì jókòó síbẹ̀, ò ń kọ orúkọ sétí aṣọ.”

Mo tẹ́ lẹ́tà náà sórí tábìlì.

“Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́,” ni Màmá Àgbà wí fún mi. “Ìwọ, tẹlòmíì lo dákẹ́ lé. Mú tàdáwà wá.”

“Màmá,” ni Bàbá Alọṣọ wí, “ká tiẹ̀ yọ ti ìkíni kúrò. Wọ́n ṣì pọ̀ jù.”

“Ìyẹn tìẹ. Mi ò ní lé èèyàn níṣẹ́ torí ọ̀rọ̀ tọ́mọ mi fi sí i lẹ́nu.” Ó rẹ ìka, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ lẹ́tà.

Ìyá Onísítáàsì mú orógùn rẹ̀. “Mi ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kí mi, láéláé. Ìwọ ọmọ yìí náà, má kí mi mọ́.”

Mo mú lẹ́tà lọ sẹ́bàá gọ́tà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kó lè yé e. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ.

“Ẹ mọ̀? Láti Ìṣẹ́gun?”

“Mo mọ̀. Ẹ má bínú.”

Ó nu ọwọ́, ó gba lẹ́tà, ó ń wo ìlà tí kò lè kà. “Kí ló wà nínú ẹ̀?”

“Pé òṣìṣẹ́ wa ni yín. Pé ẹ mọ iṣẹ́ yín.”

“Kò sí òkú nínú ẹ̀?”

“Kò sí rárá.”

Kò tún wò mí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni ń kọjá lára òpó, ó wọlé, ó tẹ́ lẹ́tà sórí tábìlì níwájú Bàbá Alọṣọ tí kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ kan rí.

“Ẹ bá mi kà á, sà.”

Bàbá Alọṣọ wò ó. Ó wo èmi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ayọ́ọ̀nù dúró, ó wá awò rẹ̀, ó fi sójú. Ó kà á sókè láti òkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni, ó pòṣé, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀rọ̀ kankan.