Aago Tiwa, Aago Tiwọn

"Ẹ má dì í mọ́," ni Bàbá Ìyọkúrò wí. "Ìrìn àjò yẹn ò ṣeé lọ."

Onídìrí dá ọwọ́ dúró lórí irun ìyàwó ọkùnrin náà. Ìdajì orí ti dì tán. Ìdajì yòókù ṣì dúró gànnà-gànnà bíi koríko tí ewúrẹ́ ò tíì dé.

"Kí ló tún dé, bàbá ọmọ mi?"

Ọkùnrin náà gbé tíkẹ́ẹ̀tì sókè. "Ọkọ̀ òfurufú á gbéra ní aago mẹ́wàá, á balẹ̀ ní aago kan ku ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Kí ni dókítà wí?"

"Pé bí mo bá ti jókòó fún wákàtí méjì, kí n dùbúlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ sókè." Ẹ̀jẹ̀ ló dì sí i lẹ́sẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, orí ló kó o yọ. "Bí mo bá gba orí ilẹ̀ ńkọ́?"

"Kìlómítà ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta? Wákàtí mọ́kànlá!"

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti bímọ sí ìlú tí ìyá ń lọ yìí, ní orílẹ̀-èdè kejì. Ọmọ tuntun ti pé oṣù kan, ìyá àgbà ò sì tíì fojú kàn án.

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi kọ́ni ní ìṣirò. Bàbá Ìyọkúrò ni wọ́n ń pè é níléèwé, torí ó máa ń yọ máàkì ẹni tí kò bá kọ bó ṣe rí ìdáhùn. Ta ni yóò bá a jiyàn ìṣirò?

Onídìrí fi ìdí kóòmù họ etí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago ta ni ẹ fi kà á?"

"Aago ta ni? Ṣé aago náà ti wá ní baba ni?"

"Ó ní in o, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ìlú yẹn. Bí mo bá pè é ní aago mẹ́jọ àárọ̀, á ní mẹ́sàn-án ti lù, òun ti wà níbi iṣẹ́. Ilẹ̀ máa ń tètè mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Aago mẹ́wàá tí ẹ kà yẹn, tiwa ni. Aago kan ku ogún, tiwọn ni."

Bàbá Ìyọkúrò tún tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ó jókòó sétí tábìlì, ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìyọkúrò! Ó mà ku ẹyọ kan tí ẹ ò yọ!"

"Mo ṣìṣe," ni ọkùnrin náà wí. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, obìnrin náà ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ yíjú sí onídìrí. "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ẹ ṣeun gan-an ni. Díẹ̀ ló kù kí n fi ìmọ̀ mi sé ọ̀nà mọ́ aya mi."

"Háà, sà! Èmi ọmọ yín! Ẹ ṣáà jẹ́ kí n parí orí."

Bàbá Ìyọkúrò mú fóònù bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tí ọmọ wọn ti lọ, òun ló máa ń pè wọ́n. Bàbá ò pè é rí. Lónìí, ó pè é.

"Bàbá mi! Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Ìyá rẹ ń bọ̀." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín?"