Ikọ́ Ẹni Tó Ń Gbé Dígí

Wọ́n ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì kí ikọ́ náà tó dé. Baba Rọra ló wà lókè, ẹ̀yìn ló fi ń gòkè. Àbúrò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó fi àyà ti ìdí dígí náà. Dígí ọ̀hún ga ju ènìyàn lọ, ojú fèrèsé àjà kẹta ni wọ́n sì ń gbé e lọ, nínú ilé iṣẹ́ kan tí àwọn akọ̀wé ti ń fẹ̀yìn ti ògiri kí wọ́n lè ráyè kọjá.

Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lọ́nà ọ̀fun. Baba Rọra gbé itọ́ mì. Ó pa ètè dé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí èjìká ẹni tó wà lókè bá sì gbọ̀n, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni dígí máa ń jíṣẹ́ fún.

Òfin kan wà láàárín àwọn méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ní "Kalẹ̀," ẹnì kejì kò gbọdọ̀ bèèrè ìdí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé dígí sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e. Baba Rọra ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà. Àbúrò kò sọ ọ́ rí. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á kó máa pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Baba Rọra kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó di ikọ́ náà mọ́ àyà títí wọ́n fi dé ibi tí àtẹ̀gùn ti tẹ́jú, wọ́n gbé dígí ti ògiri, ó wá wúkọ́ títí ó fi di orúnkún mú.

Àbúrò rẹ̀ dúró kó parí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa méjì la jọ gba iṣẹ́ yìí. Ẹnì kẹta tí ẹ gbé sáyà yẹn, ta ló pè é?"

"Gbé tìẹ," ni Baba Rọra wí. "Fi tèmi sílẹ̀."

Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù, òun náà ni àwọn oníbàárà fi ń pè é. Kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ìbọ̀wọ́ kì í gbọ́ ohun tí dígí bá ń sọ.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, ikọ́ ló gbé e lọ. Ekuru dígí ni gbogbo ènìyàn ní ó jẹ ẹ́ láyà. Baba Rọra gbà pé ó ti kan òun. Ó ń fi aṣọ bo imú tó bá ń gé dígí. Ó ń mu oyin àti omi gbígbóná. Ó ń fi ẹ̀yìn ti ògiri sùn. Kò rántí rárá pé ìgbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún òun pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, tí wọ́n fún òun ní hóró oògùn funfun kan láti máa lò láàárọ̀, ni ikọ́ náà dé. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ṣe é tí kò yé e, kó wá sọ. Ẹni tó ń wá sọ nǹkan kọ́ ni Baba Rọra.

Oògùn náà tán nígbà kan tí iṣẹ́ pọ̀. Kò ráyè lọ gba òmíràn. Kò pẹ́ tí ikọ́ náà fi ń rọlẹ̀, títí ó fi lọ pátápátá. Ó lọ gba oògùn, ikọ́ padà. Ìgbà náà ló tó yé e. Ekuru dígí kọ́. Hóró kékeré yìí ni.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé ikú ọ̀gá òun kọ́ ló ń bọ̀ wá bá òun. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì rò ó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru kò dun òun níbì kankan. Ikọ́ ló ń pa òun lára, kì í sì í ṣe òun nìkan. Lórí àtẹ̀gùn, ọrùn àbúrò òun ló wà lábẹ́ dígí. Ó ti rí ohun tí dígí ń fi ọrùn ènìyàn ṣe.

Bó ṣe pa oògùn náà tì nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e síwájú rẹ̀ láràárọ̀, nínú àwo kékeré, pẹ̀lú ife omi, tí á sì dúró tì í. Baba Rọra á jù ú sẹ́nu, á tì í sẹ́rẹ̀kẹ́, á mu omi, á jáde. Tó bá dé ẹ̀yìn ilé, á tu ú sínú agolo ìṣó tó ń gbé kiri. Obìnrin náà sọ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ti wá sọ ọkọ òun di ẹni tó ń gbọ́ràn.

Ikọ́ lọ. Àbúrò ní wọ́n ti lé ẹnì kẹta kúrò níṣẹ́. Baba Rọra rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀yìn orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ó ní oòrùn ni. Ojú ń ṣú u nígbà míì, ó ní àgbà ti dé. Ẹni tó bá ti purọ́ fún ìyàwó rẹ̀, kò ṣòro fún un láti purọ́ fún orí ara rẹ̀.

Ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àtẹ̀gùn náà dín, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, ibẹ̀ sì dákẹ́. Baba Rọra wà lókè. Àyà rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń gòkè bí ọ̀dọ́.

"Kalẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Baba Rọra kò rí ìdí. Ó tún gun ẹsẹ̀ kan.

"Ẹ̀gbọ́n. Kalẹ̀."

Wọ́n gbé e kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni Baba Rọra wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ náà ti là. Òun kọ́ ló là á.

Àbúrò ti ń mọ̀ ọ́n lára láti ìsàlẹ̀ wá pé dígí ń wọ́ sápá kan. Ó fara tì í, ó fi ẹsẹ̀ dí ìdí rẹ̀, ó wá wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹnu yín ti wọ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Oògùn yín ńkọ́?"

Baba Rọra fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà jáde bíi ti ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa agolo yọ nínú àpò iṣẹ́, ó sì dà á sílẹ̀. Ìṣó ń yí lọ sísàlẹ̀. Àwọn hóró funfun náà dúró síbi tí wọ́n bọ́ sí.

"Torí kí ni?"

Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀. Ó nà án sí dígí. Ó wá nà án sí ọrùn àbúrò rẹ̀.



"Ẹ̀yin lẹ wà lókè," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Tí ẹ bá ṣubú, ṣé dígí nìkan ló máa bá mi nísàlẹ̀ ni?"

Ó ti dígí mọ́ ògiri, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà kò bínú nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyẹn ló dun Baba Rọra jù. Ó ní oògùn yẹn máa ń fa ikọ́ fún àwọn kan, pé irú mìíràn wà tí kì í fà á, pé gbólóhùn kan péré ni òun ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń nu itọ́ tó ń ṣàn ní ìhà tó wọ́.

"Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ ń fi í sí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

 Látìgbà tí wọ́n ti darí délé, tí Baba Rọra bá ti lo oògùn, obìnrin náà á ní, "Ẹ la ẹnu." Baba Rọra á la ẹnu. "Ẹ gbé ahọ́n." Á gbé ahọ́n. Àbúrò bá wọn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n òun sí jẹ́lé-ó-sinmi.

Oògùn tuntun náà kò fa ikọ́. Ẹsẹ̀ ló ń wú ú lójú alẹ́ títí bàtà fi ń kọ̀ ọ́. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í. Ó wọ sálúbàtà, ó lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó ṣì wúwo. Wọ́n dín in kù, wọ́n fi òmíràn kún un. Wíwú náà rọ̀ díẹ̀.

Àbúrò ti rí ọkùnrin mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé dígí. Baba Rọra ń jókòó nídìí tábìlì, ó ń wọn dígí, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé dígí, ẹlòmíràn ń bá a tẹ igi ìdíwọ̀n mọ́lẹ̀. Dígí ilé ìwé náà kò fọ́. Ọjọ́ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni wọ́n gbé e dé òkè.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bọ̀ sípò tán. Ó lè gbé ife omi.