Ẹ Má Ṣí Ilẹ̀kùn Yẹn

Epo pupa ti dé ìgbúnwọ́ Hàsíátù nígbà tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dún lórí àpótí. Ó wá sí Daagbé láti bá ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, fún epo ni, nítorí láti ìgbà ààwẹ̀ ni ìyá náà ti ń sọ ọ́ kiri pé ọmọ òun tó ń gbé Kutọnu ò mọ bí ẹyìn ṣe ń rí mọ́.

"Má gbé e," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé iṣẹ́ tiyín kì í sinmi ni?"

Hàsíátù nu ọwọ́ sí ìró, ó gbé e. Kápítéènì Mathias ni, ọ̀gá àwọn atukọ̀ inú Aurore, ọkọ̀ òkun agbépo tí ilé-iṣẹ́ wọn ní Kutọnu ń bójú tó. Ohùn ọkùnrin náà ń já bí òwú tó ti gbó.

"Madame, iná... yàrá ẹ́ńjìnì... a ò tíì..."

Ó dákẹ́. Hàsíátù wo ojú fóònù. Bó ṣe máa ń ṣe ní Daagbé nìyẹn: fóònù ti fo ààlà, ó ti lọ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà mú, ó sì ń kí i káàbọ̀ sí ilẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọkọ̀ agbépo bí Aurore gbọ́dọ̀ ní ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ jàǹbá: àwọn wo ni yóò wá paná, ọkọ̀ wo ni yóò fà á, pọ́ǹpù wo ni wọn yóò gbé wá. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn adóòlà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí iná tó sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ná ọjà nígbà tí ilé ń jó. Nínú ètò ti Aurore, Hàsíátù ni ẹni orí ilẹ̀ tó láṣẹ láti pe àwọn adóòlà láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń ṣe é nídìí ìkòkò epo.

"Àdìsá!" Ó ké sí ọlọ́kadà àdúgbò wọn tó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. "Gbé mi lọ sí Ifangni, kíákíá!"

"Tantí, ẹ ò ní kọ́kọ́ fọ ọwọ́?"

"Mo ní gbé mi lọ!"

"O ò sì tíì jẹun!" Ariwo ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi yà sójú ọ̀nà.

Ní Ifangni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, tí wọ́n ti tì pa nítorí Sátidé, igi ńlá kan wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Benin kì í ti í sá. Hàsíátù dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú eruku pupa lójú àti epo pupa lọ́wọ́. Nítorí ọ̀wọ̀, ó kọ́kọ́ pe Honoré, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wọn.

"Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni," ni Honoré wí. "Bon, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wa tún wo kọ́ńtíráà àwọn adóòlà yẹn ná. Bí àwọn adóòlà bá ti fọwọ́ ba ọkọ̀ ẹni, Madame, wọn kì í fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀."

"Ọ̀gá, a ti fọwọ́ sí i lọ́dún tó kọjá. Ìdí tí a fi fọwọ́ sí i nígbà yẹn ni pé kí a má baà máa kà á lónìí."

"Sátidé nìyí. Agbẹjọ́rò wà níbi ìgbéyàwó. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

"Iná ò mọ Sátidé, ọ̀gá."

"Ẹ fara balẹ̀, Madame."

Bí ohun kan bá wà tí kì í jẹ́ kí Hàsíátù fara balẹ̀, gbólóhùn yẹn ni. Ó pa fóònù, ó pe Thérèse, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn adóòlà ọkọ̀ ní Kutọnu. Thérèse kò bi í nípa agbẹjọ́rò kankan.

"A ń bọ̀. Rẹmọ́kà wa ti ń tú okùn." Rẹmọ́kà ni ọkọ̀ kékeré alágbára tí ń fa ọkọ̀ ńlá. "Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó ń tu ìfófó kò sí lórí rẹ̀ o."

"Ẹ ní kí ni?"

"Lomé ló wà. Àwọn kan yá a síbẹ̀. A bi Honoré, dírẹ́tọ̀ yín, kí á tó gbé e lọ, ó ní kò burú, pé ọkọ̀ yín ò jóná rí."

Hàsíátù jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ìfófó ni ń bo iná epo mọ́lẹ̀. Ta ni yóò rò pé ẹnì kan á jókòó ní ọ́fíìsì, á ká òrùlé kúrò lórí ilé, á sì ní òjò ò pa òun rí?

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e padà lónìí."

"Mo ti pè wọ́n. Ọ̀la ló lè dé, kì í ṣe òní."

"Pọ́ǹpù omi ńkọ́?"

"Ìyẹn wà, ó sì dára."

"Ẹ máa gbé e bọ̀, jọ̀wọ́."

Ó tún pe ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn Mathias já gaara, ìbá sì sàn kó má já gaara rárá. Gáàsì apaná wà nínú Aurore tí wọ́n lè tú sínú yàrá ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n bí gáàsì náà ṣe ń pa iná ló ń pa èèyàn. Wọ́n ti ka gbogbo atukọ̀, wọn ò sì rí Moubarak tó ń fi epo sí ẹ́ńjìnì.

"Tí mo bá tú u, tó sì wà níbẹ̀, èmi ni mo pa á," ni Mathias wí. "Tí n ò bá tú u, ẹrù epo ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Kí ni kí n ṣe, Madame?"

"Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, kápítéènì," ni Hàsíátù wí. "Ẹ wá a sí i."

Ó gbọ́ tí ẹnì kan kígbe lẹ́yìn Mathias pé òun gbọ́ ìró kàn-kàn nínú irin. Ó gbọ́ eré sísá. Lẹ́yìn náà, láti inú gbogbo ohun tó lè wọlé sórí fóònù lágbàáyé, ìyá rẹ̀ ló wọlé.

"Hàsíátù, ṣé kí n bo ọbẹ̀ yìí ni àbí o ti ń bọ̀?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ṣé èmi lo ń jágbe mọ́?"

Nígbà tó fi bẹ̀bẹ̀ tán, ìpè ọkọ̀ ti já. Ó pè, kò wọlé. Ó tún pè. Àdìsá dúró tì í, ó mú ọ̀rá omi tútù dání, kò sì mọ bóyá kó nà án sí i.

Mathias ló padà pè. Inú ihò àsálà, tí atukọ̀ máa ń gbà sá jáde nígbà jàǹbá, ní ìdí ọkọ̀ ni Moubarak ti ń kan ilẹ̀kùn irin tí ooru ti ká mọ́ ọn. Wọ́n fi ọ̀pá já a, wọ́n sì fà á jáde, ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti tú gáàsì. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ́ńjìnì, wọ́n sì ti dí gbogbo ojú afẹ́fẹ́.

Hàsíátù bú sẹ́kún díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ elépo nu ojú.

"Ẹ gbọ́, kápítéènì. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Afẹ́fẹ́ ni iná ń retí. Ẹ máa da omi sára ògiri títí irin á fi tutù."

"A ò ní ṣí i."

Hàsíátù pe Honoré, ó sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún un.

"Ṣùgbọ́n iná ti kú tàbí kò tíì kú?" ni Honoré bi í. "Àwọn àṣúráǹsì, àwọn adójútòfò wa, ń bi mí."

"Ẹ sọ fún wọn pé a ò tíì mọ̀."

"Ṣé èmi dírẹ́tọ̀ ni màá sọ pé n ò mọ̀?"

Hàsíátù rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Kò tán. Honoré fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀. Kò pe kápítéènì, tó mọ̀ pé yóò kọ̀. Fábíyìí, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ́ńjìnì, ló pè, ó ní kó yọjú wo inú yàrá ẹ́ńjìnì fẹ́ẹ́rẹ́. Fábíyìí ní ìyàwó àti ọmọ, ó sì mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ó ṣí i.

Mathias ò pariwo nígbà tó pè. "Wọ́n ti ṣí i, Madame. Iná ti padà. Fábíyìí ti jóná lápá méjèèjì. Gáàsì ti tán."

Igbe tí Hàsíátù ké lágbàlá mẹ́rì yẹn, àwọn tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí títì dìde, wọ́n rò pé wọ́n túfọ̀ fún un ni. Ó pe Honoré. Honoré ò gbé e.

Rẹmọ́kà dé. Wọ́n gbé Fábíyìí kúrò pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí iṣẹ́ ò kàn, àwọn tó kù sì ń da omi òkun sára ògiri kí ooru má baà kọjá sọ́dọ̀ ẹrù epo. Hàsíátù ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn títí oòrùn fi wọ̀, ó sì wọkọ̀ Kutọnu láì padà sí Daagbé. Pọ́ǹpù ìfófó dé láti Lomé ní ọjọ́ kejì. Ó bo iná náà mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Epo ò kán sínú òkun.

Ní ọ́fíìsì, Honoré ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn olùwádìí ń bọ̀. A ó sọ pé iná náà tún ràn fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àbí?"

"Iná kì í ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀gá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn olùwádìí, pọ́ǹpù àti ilẹ̀kùn. Ó lọ wo Fábíyìí ní ilé ìwòsàn. "Ọ̀gá ló ní kí n ṣí i," ni Fábíyìí wí láàárín báńdéèjì. "Mo mọ̀," ni Hàsíátù dáhùn, inú sì ń bí i sí òun náà, ṣùgbọ́n kò lè jágbe mọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bó ọsàn fún un.

Wọn ò yọ Honoré. Àna ẹni tó ni ọkọ̀ ni. Wọ́n kìlọ̀ fún un lásán. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ò tún gbọdọ̀ kúrò lórí rẹmọ́kà mọ́, àwọn olùwádìí sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ pe inú ọkọ̀ àfi Hàsíátù. Honoré mú bíírò lọ́wọ́, kò tíì fọwọ́ sí ètò náà.

"Tí mo bá wá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ńkọ́?"

"Ẹ pè mí."

"Tí ẹ ò bá gbé e ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mo ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọ̀gá."

Honoré mí kanlẹ̀, ó ní obìnrin yìí le, ó sì fọwọ́ sí i.