Okùn Orí Ọkọ̀ Ọ̀gá

Sájẹ́ńtì ń fa okùn mọ́ òpó kẹrin. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí òpó náà kí ó lè rí agbára fà á. Tapólì tí wọ́n ta bo ọkọ̀ tuntun ọ̀gá àgbà nà, kò sí ibi tó rọ̀ lára rẹ̀.

"Ọ̀gá mi," ni ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wí, "okùn hẹlikọ́pítà mà nìyí."

"Mo mọ̀."

"Kí la ó wá fi so òun fúnra rẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn máa ra òmíràn."

"Ìgbà wo?"

Sájẹ́ńtì yí okùn náà po, ó ki orí rẹ̀ bọ abẹ́, ó sì dá a padà kó fi há ara rẹ̀. Bó ṣe máa ń so ohun gbogbo nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nílé.

"Ṣé ẹ ò ní so èmi náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan?"

"Bí ìjì bá ń bọ̀, màá so ọ́."

Hẹlikọ́pítà tí wọ́n gbé kalẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lásán. Wọ́n á kọ imú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Wọ́n á fi igi dènà táyà. Wọ́n á so ara rẹ̀ mọ́ òrùka irin tó wà nínú kọnkéré, wọ́n á sì so àwọn apá gígùn orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà máa jù wọ́n. Sájẹ́ńtì ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká. Nígbà tó kan okùn, ó lọ sílé, ó tú èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ sí.

"Aṣọ mi ò tíì gbẹ o."

"Sá wọn sórí koríko. Bí ọ̀gá bá ti ra okùn, màá dá tìẹ padà."

Ìjì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Okùn ìsáṣọ já. Apá hẹlikọ́pítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó ń já wálẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀. Sájẹ́ńtì sáré jáde, ó fò, ó dì í mú. Ìjì gbé òun àti apá náà sókè. Sájẹ́ńtì ló kọ́kọ́ balẹ̀. Apá náà já lé e.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ kúrò ní bárékè. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà nílé. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n fún un ní omi tútù.

"Ìyàwó wa, ó dun gbogbo wa," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n okùn ìsáṣọ ni ọkọ yín fi so ohun ìjọba. Wọ́n ní àìbìkítà ló pa á. Òfin ò gbà kí ẹbí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé ibí."

"Ó sọ fún mi pé ẹ fẹ́ ra okùn, sà."

"Okùn wo?"

Obìnrin náà wo ìta láti ojú fèrèsé. Ìjì tó ṣí páànù ilé tirẹ̀ kò mi tapólì náà. Ọkọ̀ ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ó wo ìso tó wà lára òpó.

"Ọkọ mi ló so ìyẹn," ó ní.

Ọ̀gá dìde. "Ẹ lọ sinmi, ìyá."

Lọ́jọ́ tó ń kó lọ, ẹnìkejì ọkọ rẹ̀ wá bá a gbé ẹrù.

"Wọ́n bi mí léèrè ọ̀rọ̀ okùn náà, mà," ó ní.

"Kí lẹ sọ?"

Ó gbé àpótí lérí. "Èmi náà níyàwó nílé, mà."

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló di ẹrù yòókù. Ẹrù náà tú kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un dì, ẹrù tún tú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, awakọ̀ ọ̀gá fi ọ̀bẹ gé àwọn okùn orí tapólì, ó sì kó wọn lọ. Ìso mẹ́rin tí kò rí tú ló kù lára òpó.