Aṣọ Funfun Ìyá Ìjọ

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí èmi àti Àáfà ti ń jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì borí ẹnì kejì. Èmi ń fọṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, òun ń lọṣọ níwájú. Ògiri pákó kan ló wà láàárín wa, ihò kan sì wà lára ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Ọlọ́ṣẹ làwọn oníbàárà ń pè mí. Kristẹni ni mí, mo sì máa ń gbaná jẹ tí wọ́n bá fọwọ́ kan ìgbàgbọ́ mi. Àáfà kì í bínú rárá, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀tá ni wá o. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Àáfà ló máa ń so nọ́ńbà mọ́ ẹrù oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yìí náà ló sì fi ń bá mi jiyàn.

"Ọlọ́ṣẹ," á ní, "ṣé o ti rí i rí kí n gbé ẹrù nọ́ńbà keje fún nọ́ńbà kẹsàn-án? Ẹrù tí kálukú bá dì ló máa gbé dúró lọ́jọ́ àjíǹde."

"Ta ló ń fọ ẹrù náà?" Èmi náà á jágbe láti ẹ̀yìn. "Ṣé oníbàárà ló ń fọ̀ ọ́ ni? Torí pé kò lè fọ̀ ọ́ ló ṣe gbé e wá. Ẹlòmíì ló ti ọwọ́ bọ omi nítorí ẹ̀. Ohun tí Jésù ṣe fún wa nìyẹn."

"Wọ́n ń sanwó fún tiwa."

"Tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni!"

"Ọlọ́run tó lè dárí jini, kí ló fẹ́ fi ikú ẹnì kan ṣe? Ronú pìwà dà, bẹ̀ ẹ́, ó parí. Àti pé kò tiẹ̀ kú. Ó kàn jọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn ni."

"Ó kú! Ó sì jíǹde lọ́jọ́ kẹta!" Ibẹ̀ ni mo ti máa ń da omi nù.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, inú mi dùn ju ti ìgbàkígbà lọ, torí wọ́n fẹ́ yàn mí ní alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń retí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn mẹ́tàlá fẹ́ ṣe ìrìbọmi, Ìyá Ìjọ, ìyàwó Pásítọ̀ wa, ló sì máa bá àwọn obìnrin wọnú omi. Ó gbé aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ wá fún wa.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Mò ń kọrin, mò ń fi aṣọ ìnujú pupa mi nu òógùn, mo sì jù ú sí èjìká. Àáfà ti kìlọ̀ fún mi títí pé àwọ̀ ìnujú yẹn ń ṣí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ọṣẹ, mi ò mọ̀ pé ìnujú já bọ́ sínú omi. Nígbà tí mo fi máa padà wo omi, aṣọ Ìyá Ìjọ ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran.

Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìjọ níwájú. Ó ń kọjá lọ ni, ó ní kóun yà wo aṣọ òun. Àáfà wọlé wá gbé e. Ó rí aṣọ, ó rí ìnujú, ó rí mi. Kí lèmi, alàgbà ọ̀la, wá ṣe? Mo bọ́ sẹ́yìn àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí mo sá, mo dúró síbẹ̀.

Àáfà gbé aṣọ náà jáde, mo sì gbọ́ ohùn ẹ̀ níwájú. "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀!" Ìyá Ìjọ figbe ta. "Aṣọ ìrìbọmi! Ẹni tí kò gba ohun tí a gbà gbọ́, báwo ni kò ṣe ní mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́? Gbogbo ìjọ ló máa gbọ́!"

Ó yẹ kí n jáde, mi ò jáde.

Nígbà tó fi aṣọ náà sílẹ̀ tó lọ tán, mo yọjú. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.

"Àáfà, mo ti borí ẹ! O ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì lónìí!"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Rárá o. Ariwo ẹ̀ ni mo gbà, mi ò gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹ. Ó ṣì wà lọ́rùn ẹ níbẹ̀ yẹn. Irọ́ lèmi náà sì pa, mo ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kí n tó ṣàánú ẹ. Ó ti di méjì báyìí."

"Kí ló wá dé tó o fi parọ́?"

"Ṣé mi ò mọ bó o ṣe ń retí Sọ́ńdè yìí ni?" Ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èèyàn mẹ́ta láti ìjọ wa gbé aṣọ wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ fún mi pé kí Àáfà má fọwọ́ kan tàwọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí. Ẹni kẹta ò tiẹ̀ rọra, Àáfà sì gbọ́. Ó ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó ń lọ ojú kan náà léraléra, títí mo fi mọ̀ pé kò rí ohun tó ń lọ̀. Ó dùn mí wọ egungun. Tí mo bá sọ̀rọ̀, oyè alàgbà lọ nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, orúkọ ọ̀rẹ́ mi lọ. Nígbà tó lọ kírun Jímọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo kọrí sílé Ìyá Ìjọ.

Ó ní kí n jókòó, mi ò jókòó. "Màmá, èmi ni mo ba aṣọ yín jẹ́. Àáfà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Níbo lo wà nígbà tí mò ń pariwo lé e lórí?"

"Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, mà."

Ó wò mí títí. "Ìwọ àti Ádámù. Ìdí igi lòun sá sí." Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé ròrò sójú ẹ̀. "Ìwọ ba aṣọ jẹ́. Èmi ba èèyàn jẹ́. Èwo ló burú jù?"

Nígbà tí Àáfà ti mọ́ṣáláṣí dé, Ìyá Ìjọ ló bá lórí bẹ́ńṣì. Ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo oníbàárà. Àáfà ò mọ ibi tó máa fojú sí. Ó ní, "Ó ti tán, Màmá. Èmi náà parọ́ fún yín, ẹ forí jì mí."

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń rẹ aṣọ náà, tí mò ń sá a sóòrùn, tí mo tún ń rẹ ẹ́. Nígbà tí mo fà á yọ lárọ̀ọ́ Sátidé, ó funfun báláú.

"Ó jíǹde!" Mo gbé e sáré síwájú. "Àáfà, lọ́jọ́ kẹta!"

Àáfà wo aṣọ, ó wò mí. "Kò kú rárá. Ó kàn jọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ ni."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ń wúkọ́. Àáfà lọ aṣọ náà fúnra ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì ni Ìyá Ìjọ ti gbà á.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Pásítọ̀, tó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ní kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò ní parọ́, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ìjọ jáde nínú aṣọ yẹn, tí mo rí ìlà áyọ́ọ̀nù Àáfà tó lọ tààrà lápá ẹ̀, inú mi dùn, mo sì kọrin sókè.

"Alàgbà, ẹ káàárọ̀ o!" Bí Àáfà ṣe kí mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn.

"Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ju tèmi lọ. "Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti gbà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ìwọ náà lo ní o ò gbà á. Èmi ni mo gbé e lọ fúnra mi." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé mo ti kó sí pàkúté.

"Ẹ gbọ́ o!" Àáfà pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́ṣẹ ti gbà! Kálukú ló ń gbé ẹrù ẹ̀!"

"Dúró ná. Ta ló kọ́kọ́ dúró níwájú nígbà tí mo sá? Ká ní ẹnì kan ò dúró fún mi ni, ṣé mo lè lọ? Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yẹn ni mi ò bá ṣì wà dòní."

Àáfà padà sídìí áyọ́ọ̀nù ẹ̀. Ó ní òun á fèsì lọ́la. Mo wọ ẹ̀yìn lọ, mo ń pọnmi, nígbà tí mo rí ọwọ́ ẹ̀ nínú ihò ògiri. Ìnujú pupa mi ló mú dání. Ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a sí igun mẹ́rin, ó sì so nọ́ńbà mọ́ ọn.

"Àpò ni kó o fi sí," ó ní. "Má gbé e sí èjìká mọ́."