Màmá Ń Fún Èrò Lómi

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín lórí fóònù yìí kí ẹ tó béèrè Màmá. Ẹ kúkú mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Stockholm níbí, pálọ̀ sì ni Màmá ń sùn, torí yàrá kan péré la ní.

Nínú àlá ọ̀hún, kòrónà ti gbòde. Ọ́fíìsì ọ̀gá ìlera ìlú yìí ń léfòó lójú adágún odò. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé, ó ní kí kálukú jókòó sílé kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí arúgbó sì ní yàrá tirẹ̀. Mo ní awakọ̀ ni mí. Kó tó fèsì, ó ti di ewúrẹ́, ó ń jẹ ìbòmú tí wọ́n kó wá fún àwa awakọ̀. Ta ni èmi tí n óò bá ewúrẹ́ jiyàn? Mo kí i pé ó kú iṣẹ́, mo wa bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Bọ́ọ̀sì gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ó ń ráhùn pé ilé wa há jù. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá ló gúnlẹ̀ sí. Èrò bá ń wọlé: àwọn tó ń fọ ọsibítù, ará Sòmálíà tó ń wa takisí, ọmọbìnrin tó ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wúkọ́.

Màmá dìde. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, àlejò kì í wọlé wọn kó má mu omi. Wọ́n bu omi sí ife kan ṣoṣo, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e fún ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n gbà á padà, wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n gbé e fún ẹnìkejì. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ gba ife náà, ọwọ́ mi méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ sítíárìn.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́ ọ wò mọ́."

"Àkànjí, ṣé kí wọ́n wá rò pé mo fi májèlé sí i ni?"

Ewúrẹ́ yọjú láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ó kéde pé itẹ́ òkú ló kàn, kí àwọn tí ilé wọn há kọ́kọ́ sọ̀. Màmá ká ìborùn wọn, wọ́n ń múra àtisọ̀. Mo fẹ́ pariwo, ikọ́ ló jáde.

Ikọ́ yẹn náà ló jí mi. Èmi ni mò ń wú u. Ilẹ̀ ti mọ́, aṣọ iṣẹ́ mi ń bẹ lára ìlẹ̀kùn. Màmá dúró tì mí, wọ́n ní ikọ́ mi ò jẹ́ kí àwọn sùn. Wọ́n tọ́ omi wò, wọ́n gbé e fún mi. Mo ti mu ún kí n tó rántí àlá. Wọ́n gba ife náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì mu ìyókù.